Ta Ni Ó Fa Ìlà Náà? Ìtàn Agbègbè Ìdìbò àti Ààlà Wọn ní Tógò àti ní Àyíká Rẹ̀



Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Bè nípa bí a ṣe ń yan àwọn aṣòfin, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó sì bi mí pé: « Olùkọ́, ṣé ìbò ìyá mi tí ó ń ta aṣọ níhìn-ín àti ìbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń gbé ní Bafilo dọ́gba? » Mo dá a lóhùn kíákíá pé wọ́n dọ́gba, nítorí òfin sọ pé ẹnì kan, ìbò kan. Ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn mọ́. Mo mú ìwé ìkànìyàn àti àkọsílẹ̀ iye ìjókòó ilé aṣòfin, mo jókòó ti tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ohun tí mo rí ni ó mú kí n kọ àròkọ yìí. Ó tọ́ kí n san gbèsè tí mo jẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Kí ni agbègbè ìdìbò?

Agbègbè ìdìbò ni apá ilẹ̀ kan tí òfin fi ìlà yí ká, tí ó sì sọ pé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ yóò jọ yan aṣòfin kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà yìí kì í hàn lójú. Kò sí òkúta tàbí igi àkókò tí a gbìn sí i gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe ní ẹ̀bá oko. Orí ìwé ni ó wà. Síbẹ̀, òun ni ó ń sọ àwọn tí ìbò tiwa yóò dara pọ̀ mọ́, àti iye ènìyàn tí yóò pín aṣòfin kan láàárín ara wọn. Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó fa ìlà agbègbè ìdìbò ni ó ń pinnu irú ọwọ́ tí yóò gbá jọ àti irú èyí tí yóò wà lọ́tọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni ìlà náà lè ṣe. Ó lè mú kí ìbò ẹnì kan wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó lè pín àwùjọ kan sí méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n má baà pọ̀ tó níbikíbi láti borí. Ó sì lè gbàgbé àwọn ènìyàn kan pátápátá. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ, a ó rí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kọ́ láti Cornwall

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn, ìpínlẹ̀ kan wà tí ó ń jẹ́ Cornwall, ilẹ̀ àwọn apẹja àti àwọn awakùsà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìpínlẹ̀ kékeré yìí nìkan ní aṣòfin 44 nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Àwọn ọba àtijọ́ ni wọ́n ti fún àwọn ìlú kéékèèké rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rán aṣòfin méjì méjì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú náà kò ju abúlé lọ. Ní ìpínlẹ̀ Wiltshire, ibì kan wà tí ó ń jẹ́ Old Sarum, òkìtì ahoro tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mọ́. Àwọn olùdìbò rẹ̀ kò pé ogún, síbẹ̀ ó ń rán aṣòfin méjì lọ sí London. Ní àkókò kan náà, Manchester ti di ìlú ńlá tí ilé iṣẹ́ òwú kún inú rẹ̀, kò sì ní aṣòfin tirẹ̀ kankan.

Ìdí rẹ̀ rọrùn. Ìlà ti wà láti ìgbà láéláé, àwọn ènìyàn sì ti ṣí kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tí ìlà àtijọ́ ń ṣe lóore kò sì fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Ó di ọdún 1832 kí òfin àtúnṣe tó fagi lé Old Sarum àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, tí Manchester sì gba aṣòfin méjì. Lónìí, ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ni ó ń tún ààlà agbègbè ìdìbò yẹ̀ wò níbẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Nínú àtúnyẹ̀wò tí wọ́n parí ní 2023, òfin sọ pé iye olùdìbò nínú agbègbè kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín sí 69,724, kò sì gbọdọ̀ ju 77,062 lọ, àyàfi àwọn erékùṣù díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Cornwall tí ó ní aṣòfin 44 nígbà kan rí, mẹ́fà péré ni ó ní báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà. Ní bíi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n fẹ́ fa agbègbè ìdìbò kan tí yóò mú apá kan Cornwall pọ̀ mọ́ apá kan Devon tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí iye olùdìbò lè dọ́gba, àwọn ará Cornwall yarí. Wọ́n ní àwọn ní èdè àti ìtàn tiwọn, àwọn kò fẹ́ kí ìṣirò kọjá odò tí ó jẹ́ ààlà àwọn. Ní ìkẹyìn, agbègbè ìdìbò náà kò wáyé. Nítorí náà, ìṣirò nìkan kò tó. Àwọn ènìyàn fẹ́ kí ìbò wọn wúwo bákan náà, wọ́n sì tún fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwùjọ kan. Nǹkan méjì yìí máa ń fa ara wọn níjà níbi gbogbo.

Tógò láti 1946 sí 1958

Ní ilẹ̀ tiwa, àlejò ni ó kọ́kọ́ fa ìlà. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1897, Jámánì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí ó ya Tógò sọ́tọ̀ kúrò lára Dahomey. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n wà ní àyíká Atakpamé, tí a tún ń pè ní Ana, ṣe rí ara wọn ní ìhà kan, tí àwọn ará Ṣábẹ àti Ìdáìṣà wà ní ìhà kejì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tún pín Tógò fúnra rẹ̀ sí méjì pẹ̀lú ìwé ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1919. Lómẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ààlà sì di òpópónà kan ní etí ìlú.

Nígbà tí Faransé dá ilé ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún Tógò ní 1946, ọgbọ̀n ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni a gbà yàn wọ́n. Àwọn ará Faransé tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ náà, tí iye wọn kò tó nǹkan, yan mẹ́fà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ tí iye wọn sún mọ́ mílíọ̀nù kan yan mẹ́rìnlélógún. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ilẹ̀ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn olóyè, àwọn tí wọ́n kàwé, àwọn tó ń gba owó oṣù, àwọn tí wọ́n ti ṣe ológun, irú wọn ni a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìlà tí a fà nígbà náà kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan. Ó gba àárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé ìlú kan náà kọjá.

Nítorí èyí ni ìdìbò ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1958 ṣe jẹ́ ohun ìrántí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti pinnu ní oṣù kọkànlá 1957 pé kí gbogbo àgbà dìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ojú àjọ náà sì wà níbẹ̀. Max Dorsinville, ọmọ ilẹ̀ Haiti, ni wọ́n rán wá láti bójú tó o. Ìjókòó 46 ni wọ́n ń du. Ẹgbẹ́ CUT ti Sylvanus Olympio àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gba 29. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn ọjọ́ náà ni Tógò gba òmìnira.

Bí a ṣe kà á ni ó pinnu: 1956

Kí ọdún 1958 tó dé, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìhà kejì ààlà tí mo máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí kò sí àpẹẹrẹ tí ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1956, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bi àwọn ará Tógò tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì léèrè: ṣé wọ́n fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Gold Coast tí ó fẹ́ gba òmìnira, àbí wọ́n fẹ́ wà lọ́tọ̀ títí a ó fi mọ ohun tí yóò jẹ́ ọjọ́ iwájú wọn?

Ènìyàn 93,095 sọ pé àwọn fẹ́ dara pọ̀. Ènìyàn 67,492 sọ pé àwọn fẹ́ wà lọ́tọ̀. Bí a bá ka gbogbo ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní Ho àti Kpandu, níbi tí àwọn Ewe pọ̀ sí, àwọn tí wọ́n fẹ́ wà lọ́tọ̀ ni wọ́n pọ̀ jù. Àwọn ará àríwá ni wọ́n fi ìbò wọn tẹ òṣùwọ̀n sí ìhà kejì. Àwọn aṣojú tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wá ní 1955 ti dámọ̀ràn tẹ́lẹ̀ pé kí a pín ilẹ̀ náà sí apá mẹ́rin, kí a sì ka ìbò apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nígbà tí ó yá, gbogbo rẹ̀ ni a kà pọ̀. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, Ho àti Kpandu wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó yí ìbò kankan padà nínú ìtàn yìí. Iye ìbò kan náà ni, ìwé ìdìbò kan náà ni. Bí a bá kà á ní ọ̀nà kan, ìdáhùn kan jáde. Bí a bá kà á ní ọ̀nà kejì, ó kéré tán, fún Ho àti Kpandu, ìdáhùn mìíràn ì bá jáde. Nítorí náà, kí a tó bèèrè pé « Ta ni ó borí? », ó yẹ kí a bèèrè pé « Nínú ààlà wo ni a ti kà á? »

Àwọn ìbátan wa ní Nàìjíríà

Ní ọdún wọ̀nyẹn náà ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń gbóná ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Yorùbá Ìlọrin àti ti Kabba wà nínú Ẹkùn Àríwá, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́n sí. Ẹgbẹ́ Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń bèèrè pé kí a mú wọn wá sí Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ sì rí ọ̀pọ̀ ìtìlẹ́yìn gbà láàárín àwọn mẹ̀kúnnù ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò yí ìlà náà padà, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ìgbìmọ̀ Willink ní 1958 kò mú kí ó yí. Ibi tí ó wà náà ni ó wà nígbà òmìnira.

Kí ni èyí já sí nínú ilé aṣòfin? Nínú ìdìbò 1959, ìjókòó 312 ni a pín: Àríwá gba 174, Ìlà-oòrùn 73, Ìwọ̀-oòrùn 62, Èkó 3. Ẹkùn kan ṣoṣo ti ju ìdajì lọ, kí ẹnikẹ́ni tó jáde lọ dìbò. Lẹ́yìn ìkànìyàn 1963, wọ́n tún ìjókòó náà pín fún ìdìbò 1964: Àríwá 167, Ìlà-oòrùn 70, Ìwọ̀-oòrùn 57, Ààrin-Ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ 14, Èkó 4. Àpapọ̀ rẹ̀ kò kúrò ní 312, Àríwá sì tún ju ìdajì lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àríyànjiyàn lórí iye ènìyàn fi gbóná bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Ìkànìyàn ni ó ń bí ìjókòó, ìjókòó ni ó ń bí ìjọba.

Láti àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo sí 2007

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀rọ̀ ààlà agbègbè ìdìbò sùn fún ìgbà pípẹ́ ní Tógò, nítorí pé kò sí ìdíje. Ní 1961, àkọsílẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn olùdìbò rí fún ìjókòó 51. Ní 1963, lẹ́yìn ikú Olympio, àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo náà ni fún ìjókòó 56. Ní 1979, ẹgbẹ́ RPT nìkan ni ó wà, ìjókòó sì di 67. Níbi tí yíyàn kò sí, ibi yòówù kí ìlà gbà, kò yí ohunkóhun padà.

Nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, ìlà náà jí. Ìdìbò 1994 jẹ́ ti ìjókòó 81, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ń yan aṣòfin kan. Lẹ́yìn náà ni ọdún ìkọ̀sílẹ̀ àti àìgbọ́ra-ẹni-yé wá, títí di ìgbà tí ìjọba àti àwọn alátakò fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2006. Ìdìbò ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2007 tẹ̀lé e, pẹ̀lú ọ̀nà tuntun. Préfecture kọ̀ọ̀kan di agbègbè ìdìbò, ìlú Lómẹ́ dá dúró gẹ́gẹ́ bí agbègbè tirẹ̀, a sì ń dìbò fún àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ dípò ẹnì kan. Préfecture tí ó kéré jù lọ pàápàá ní ìjókòó méjì.

Ìdáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi wà níbí. Ìlú Lómẹ́, tí Bè jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, ní ìjókòó márùn-ún nínú 81. Ìkànìyàn 2010, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìdìbò náà, ka ènìyàn 837,437 ní ìlú Lómẹ́, nínú 6,191,155 tí ó wà ní gbogbo Tógò. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìlú náà ní ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó ni ó ní. Aṣòfin Lómẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún nǹkan bí ènìyàn 167,000. Ní Assoli, tí Bafilo jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ènìyàn bí 51,000 ni ó ní aṣòfin méjì, èyí tí ó já sí nǹkan bí 26,000 fún ẹnì kan. Nítorí náà, ìbò ẹ̀gbọ́n ní Bafilo wúwo ju ìbò àbúrò ní Bè lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n kò jí i. Àbúrò kò sì ṣẹ̀. Ìlà ni.

Iye ìjókòó inú agbègbè kan tún ní agbára mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo agbègbè tí ó ní ìjókòó méjì, níbi tí ènìyàn 10,000 ti dìbò. Ẹgbẹ́ kìíní gba 6,100, ẹgbẹ́ kejì 3,000, ẹgbẹ́ kẹta 900. Ọ̀nà tí òfin wa ń gbà pín in ni pé kí a fi 1, lẹ́yìn náà 2, pín iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì fún àwọn nọ́ńbà tí ó tóbi jù ní ìjókòó. Ẹgbẹ́ kìíní ní 6,100 àti 3,050. Ẹgbẹ́ kejì ní 3,000. Méjèèjì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kìíní, ìbò 3,900 kò sì ní aṣojú kankan. Bí ìjókòó bá jẹ́ márùn-ún níbẹ̀, ẹgbẹ́ kejì yóò rí ọ̀kan gbà, ó kéré tán. Nítorí náà, agbègbè kéékèèké tí ó pọ̀ máa ń ran ẹgbẹ́ tí ó ń ṣáájú níbẹ̀ lọ́wọ́.

Àbájáde 2007 fi èyí hàn kedere. RPT gba nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ó sì gba ìjókòó 50. UFC gba nǹkan bí ìdá 37, ó sì gba 27. CAR gba 4. Ìyàtọ̀ ìbò láàárín àwọn ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ kò ju bí ìdá méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ìyàtọ̀ ìjókòó jẹ́ 23.

Ó tọ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìhà kejì pẹ̀lú. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn préfecture. Ẹni tí ó bá ti rin ìrìn àjò lọ sí àríwá mọ̀ pé ibi tí ènìyàn kò pọ̀ sí, tí ọ̀nà kò dára, tí ilé ìwòsàn jìnnà, nílò ẹni tí yóò gbé ohùn rẹ̀ dé Lómẹ́ ju ibi tí ó súnmọ́ ilé aṣòfin lọ. Bí a bá fi ìṣirò nìkan pín ìjókòó, olú-ìlú yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń fún àwọn agbègbè kéékèèké ní iye tí kò gbọdọ̀ dín. N kò lòdì sí i. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: títí dé ibo? Ìlọ́po méjì yé mi. Ìlọ́po mẹ́fà nílò àlàyé.

Nígbà tí a pín àwùjọ, àti nígbà tí a gbàgbé rẹ̀

Ní Tógò, nítorí pé préfecture ni agbègbè ìdìbò, ìgbàkígbà tí a bá dá préfecture tuntun sílẹ̀, ìlà ìdìbò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo àwọn Ifẹ̀-Ana. Ilẹ̀ wọn ní àyíká Atakpamé wà nínú Ogou nígbà kan. Láti inú Ogou ni a ti yọ Est-Mono, lẹ́yìn náà Anié. Lónìí, àwọn tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí oríkì wọn jọra, ń dìbò nínú préfecture mẹ́ta. Èyí ní èrè: ìjọba súnmọ́ wọn, olú-ìlú wọn súnmọ́ oko wọn. Ó sì ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn: níbi tí wọ́n ti pọ̀ lápapọ̀, wọ́n lè di díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń béèrè fún préfecture tuntun fún ìlú rẹ̀, kí ó ro apá méjèèjì.

Ewu kẹta ni kí ìlà gbàgbé ènìyàn. Kò jìnnà sí wa. Ní Gánà, ní ìtòsí ààlà Tógò, ìlú mẹ́rin wà: Santrokofi, Akpafu, Likpe àti Lolobi. Lẹ́yìn ìbò tí ó wáyé ní oṣù kejìlá 2018, wọ́n yọ Ẹkùn Oti kúrò lára Ẹkùn Volta, àwọn ìlú mẹ́rin yìí sì kọjá sí ẹkùn tuntun náà. Wọn kò lè dìbò pẹ̀lú Hohoe mọ́, nítorí Hohoe wà ní ẹkùn kejì. Wọ́n dá agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kan tí ń jẹ́ Guan sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2020 dé, agbègbè ìdìbò wọn kò tíì wà. Wọ́n dìbò fún ààrẹ, wọn kò sì rí aṣòfin dìbò fún. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ilé aṣòfin ní Accra fi jókòó láìsí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó di oṣù kejìlá 2024 kí Guan tó yan aṣòfin tirẹ̀, tí iye ìjókòó Gánà fi di 276.

Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ro èyí dáadáa. Kò sí ogun, kò sí ìfipágbàjọba. Ìwé kan ni kò tíì jáde nígbà tí ìwé mìíràn ti jáde, àwọn ará ìlú mẹ́rin sì pàdánù ohùn wọn fún ọdún mẹ́rin.

Bè lónìí, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ọ̀dọ́

Bè ti wà kí Lómẹ́ tó di ìlú. Àwọn tí wọ́n ti Notsé wá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, igbó mímọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí wọ́n dá àwọn commune tuntun sílẹ̀, tí ìdìbò wọn wáyé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2019, orúkọ Bè pín sí mẹ́ta: Bè-Est, Bè-Centre àti Bè-Ouest, nínú commune Golfe 1, 2 àti 3. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó dára, nítorí pé ilé ìjọba súnmọ́ ilé. Fún yíyan aṣòfin, préfecture ni ó ṣì ń ṣe ìpìlẹ̀.

Iye ìjókòó ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láti 2007: ó di 91 ní 2013, ó sì di 113 nínú ìdìbò ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, nínú èyí tí ẹgbẹ́ UNIR ti gba 108. Ìkànìyàn 2022 ka ènìyàn 8,095,498 ní Tógò, 2,188,376 nínú wọn sì ń gbé ní Lómẹ́ ńlá. Èyí ju ìdá mẹ́rin kan lọ. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó 113 yóò jẹ́ nǹkan bí 30. Mo fi iṣẹ́ ìyókù lé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́: ẹ mú àkọsílẹ̀ ìjókòó préfecture Golfe àti ti Agoè-Nyivé, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ fi wé 30, kí ẹ sì jíròrò ohun tí ẹ bá rí.

Ìṣirò yìí ti wá ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn ará ìlú kò fi ìbò tiwọn yan ààrẹ mọ́. Ilé aṣòfin ni agbára ń tì jáde, ààrẹ ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà sì ń wá láti inú ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbò tí a ń dì fún aṣòfin ni ìbò kan ṣoṣo tí ó kù tí ará ìlú fi ń kan ìjọba orílẹ̀-èdè lára tààrà. Ohunkóhun tí èrò wa lè jẹ́ nípa àyípadà náà, ohun kan dájú: ìlà agbègbè ìdìbò kò tíì wúwo tó báyìí rí ní Tógò.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé a fẹ́ tún agbègbè ìdìbò pín, ní Tógò, ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí ní Nàìjíríà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ni. Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní: ènìyàn mélòó ni ó wà fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan, níbi tí ó kéré jù àti níbi tí ó pọ̀ jù? Èkejì: ta ni ó fa ìlà náà, nígbà wo ni ó fà á, ṣé òun náà wà lára àwọn tí wọ́n ń du ìjókòó? Ẹ̀kẹta: àwọn wo ni ìlà náà kó jọ, àwọn wo ni ó pín, àwọn wo ni ó gbàgbé? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ̀ nípa ìdìbò náà ju ẹni tí ó kàn ń ka orúkọ àwọn olùdíje lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo padà sí kíláàsì mi, mo kọ nọ́ńbà méjì sí ojú pátákó: 167,000 àti 26,000. Mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà pé mo ṣì í dáhùn, àti pé òfin sọ pé ìbò méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ìlà kò tíì gbọ́. Ó wo pátákó náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé: « Olùkọ́, ta ni ó ń fa ìlà náà? » Mo ní ìbéèrè tí ó yẹ kí ó máa bèèrè títí yóò fi pé ọjọ́ orí ìdìbò nìyẹn, kí ó sì máa bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú.